Oníbàárà bínú kọ rifíù, èèyàn méjì péré ló tẹ “Ó wúlò”: ṣé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀?

Ìbéèrè: Aṣọ òfì ni mo ń tà ní Ọjà Ọba níbí nílùú Ìlọrin. Láti ọdún tó kọjá la ti ń gbé e sórí ìkànnì ọjà kan, níbi tí oníbàárà ti ń fúnni ní ìràwọ̀, tó sì ń kọ rifíù, ìyẹn èrò rẹ̀ nípa ọjà tó rà, tí àwọn mìíràn tó bá kà á á sì tẹ “Ó wúlò” sí abẹ́ rẹ̀. Èèyàn méjì ra irú aṣọ kan náà lọ́wọ́ wa, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sì fi kàn wá: aṣọ pẹ́ kó tó dé, àwọ̀ rẹ̀ ò sì bá ti fọ́tò mu. Ọ̀kan fi gbogbo ara bínú, ó ní olè ni wá. Èèyàn méjì péré ló tẹ “Ó wúlò” sí tirẹ̀. Èkejì kàn ń sọ bí ọkàn òun ò ṣe balẹ̀ ni, èèyàn mẹ́rìndínlógún ló tẹ tìyẹn. Àwọn tó ń yìn wá, “aṣọ yín gbayì, ẹ ṣé gan-an”, ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan sí tiwọn. Ọmọ mi ní kí n má da ara mi láàmú nítorí ẹni tó bínú yẹn, pé kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni kí n sì ṣe dá wọn lóhùn? (Alhája aláṣọ òfì, Ìlọrin)

Ẹ kú ọjà o, Alhája. Ọmọ yín gba ìdajì, ó ṣi ìdajì. Òótọ́ ni pé àwọn tó ka rifíù oníbìínú yẹn ò kà á sí ohun tó wúlò. Ṣùgbọ́n kí èèyàn sọ pé ọ̀rọ̀ kan ò wúlò fún òun, ìyẹn ò ní kí ọ̀rọ̀ náà má wọ̀ ọ́ lára. Ó lè ka èébú tán, kó ní “ẹni yìí ti bínú jù”, kó má tẹ nǹkan kan, kó sì rọra kọjá sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Iye àwọn tó tẹ bọ́tìnì ò ní fi ìyẹn hàn yín láéláé.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìdáhùn tí ẹ máa fún oníbàárà wà lórí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkàn ẹni tó ń kà á.

Àwọn olùwádìí mẹ́ta kan, Dezhi Yin, Samuel Bond àti Han Zhang, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún walẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ wọn tó jáde ní 2014 wo rifíù tí àwọn èèyàn kọ nípa àwọn tó ń tajà lórí Yahoo! Shopping. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti ń bèèrè ṣáájú wọn ni pé, ṣé rere ni rifíù yìí sọ ni àbí búburú? Àwọn ní ìyẹn ò tó. Ìbínú ò dùn, àníyàn náà ò dùn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé rifíù tí àníyàn hàn nínú rẹ̀ ni òǹkàwé máa ń kà sí èyí tó wúlò ju èyí tí ìbínú hàn nínú rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ìmọ̀lára tí òǹkàwé bá rí ló fi ń díwọ̀n bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe ronú tó. Tó bá rí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, ó gbà pé ẹni náà ti yẹ nǹkan wò, ó ti bèèrè, ó ti ka ọjọ́. Tó bá rí ẹni tí inú ń bí, ó gbà pé kò fara balẹ̀ kó tó kọ̀wé. Àwọn baba wa náà kúkú ti sọ ọ́: ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìdíwọ̀n òǹkàwé lásán lèyí. Ẹni tó bínú lè ti ronú ju ẹni tó ń ṣàníyàn lọ. Ó lè ti pè yín nígbà mẹ́wàá kó tó kọ ọ́. Òǹkàwé ò rí ìpè mẹ́wàá yẹn. Lẹ́tà gàdàgbà àti àmì ìyanu mẹ́ta ló rí.

Ẹ jẹ́ ká gbé rifíù méjèèjì síra wọn. Mo ti tún wọn tò díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá àwọn oníbàárà yín mọ̀. Àkọ́kọ́ rèé, ìràwọ̀ kan:

“OLÈ NI WỌ́N!!! Owó gbogbo ni mo san, ìgbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la ni aṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, àwọ̀ tí wọ́n sì gbé wá kọ́ ni mo rí nínú fọ́tò. Ẹ ò ní jèrè òwò yín. Ẹ̀YIN ÈÈYÀN, Ẹ SÁ FÚN WỌN!!!”

Èkejì, ìràwọ̀ méjì:

“Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a ṣe ìgbéyàwó ni mo ti sanwó. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́, torí wọn ò sọ fún mi bóyá wọ́n ti ń hun ún àbí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, Sátidé la ṣe ìgbéyàwó. Àyà mi já nígbà tí mo tú u: ó fi díẹ̀ dúdú ju ti fọ́tò lọ, mo sì ń bẹ̀rù pé gèlè ò ní bá bùbá tí mo ti rán sílẹ̀ mu. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò òwú rẹ̀ ní ìta gbangba fún yín kí ẹ tó sanwó.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn méjèèjì ò yàtọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ náà sọ òótọ́ mẹ́ta: òun sanwó pé, aṣọ pẹ́, àwọ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àárín èébú àti èpè ni òǹkàwé ti máa ṣa àwọn òótọ́ yẹn jáde, bí ẹni ń ṣa òkúta lára ìrẹsì. Ẹni kejì sọ iye ọ̀sẹ̀ tó fi dúró. Ó sọ ibi tí ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó sọ bí àwọ̀ náà ṣe yàtọ̀ tó, “ó fi díẹ̀ dúdú”. Kò sọ pé àwọ̀ mìíràn ni. Ó tún sọ ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ṣe. Kódà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ló kọ́ ní iṣẹ́, mo ṣì máa padà síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń fa ọwọ́ òǹkàwé sẹ́yìn: irú ọjà tí ẹ ń tà. Ní 2007, Shahana Sen àti Dawn Lerman kọ̀wé lórí bí òǹkàwé ṣe ń wá ìdí tí ẹnì kan fi kọ rifíù búburú. Tó bá jẹ́ ọjà iṣẹ́ ni, ìyẹn èyí téèyàn rà torí iṣẹ́ tó máa bá a ṣe, òǹkàwé máa ń gbà pé ọjà ló fà á. Tó bá jẹ́ ọjà fàájì, èyí téèyàn rà torí adùn rẹ̀, ó máa ń ti ẹ̀bi náà sára ẹni tó kọ ọ́: ìwà rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ló ga, kò sí ohun tó ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ta ẹ̀rọ ìfami tí kò fami ò rí ibi sá sí. Aṣọ ìnáwó ńkọ́? Òǹkàwé á ní, “Bóyá ìyàwó ọ̀hún ló le.” Èyí wà lára ohun tó gbà yín sílẹ̀, Alhája, ẹ má fi ṣe fújà.

Ìràwọ̀ náà ní tirẹ̀. Susan Mudambi àti David Schuff wo rifíù 1,587 lórí ọjà mẹ́fà ní Amazon, iṣẹ́ náà jáde ní 2010. Wọ́n ya ọjà sọ́nà méjì: èyí tí èèyàn lè fi iye àti ìwọ̀n mọ̀ kó tó rà á, bíi kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti èyí tó di ìgbà téèyàn bá lò ó kó tó mọ adùn rẹ̀, bí orin tàbí eré orí kọ̀ǹpútà. Ní ti irú kejì yìí, rifíù tí ìràwọ̀ rẹ̀ bá wà láàárín ló máa ń wúlò fún òǹkàwé ju èyí tó wà ní ìpẹ̀kun lọ, ìbáà jẹ́ ìràwọ̀ kan tàbí márùn-ún. Aṣọ òfì, níwọ̀n bí ọwọ́ ò ti lè bà á láti orí fóònù, ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn ni mo máa tò ó sí. Rifíù tó gùn díẹ̀ náà máa ń wúlò ju èyí tó kúrú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà irú àkọ́kọ́ ni gígùn rẹ̀ ń ràn lọ́wọ́ jù.

Ìyẹn náà ló ṣàlàyé àwọn tó ń yìn yín. “Aṣọ yín gbayì, ẹ ṣé gan-an” kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹni tó fẹ́ rà lè mú níbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìyìn tún máa ń parí sí àdúrà: “Ọlọ́run á bùkún yín, ẹ ò ní rí ẹ̀gbin.” Àdúrà dára. Àmọ́ gbogbo oníbàárà tó bá lẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe é, ojú òǹkàwé sì ti mọ̀ ọ́n débi pé ó ń fò ó kọjá. Ìlọrin tí wọ́n ń kì ní ẹnu-dùn-juyọ̀, ta ni ìyìn máa yà lẹ́nu níbẹ̀?

Kí ẹ má wá rò pé kí rifíù tútù bí omi àmù ló dára o. Àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dárúkọ tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde ní 2017, lórí rifíù inú App Store, ibi tí Apple ti ń ta áàpù orí fóònù. Bí ìmọ̀lára ṣe gbóná tó ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Rifíù tí kò gbóná rárá ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò lójú òǹkàwé. Bó ṣe ń gbóná sí i ló ń wúlò sí i, títí dé ibì kan. Tó bá kọjá ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ẹni tó bá ti se wàrà rí mọ̀ bẹ́ẹ̀: tí iná ò bá tó, kò ní dì, tó bá pọ̀ jù, á jó lábẹ́. “Àyà mi já nígbà tí mo tú u” gbóná díẹ̀, ó sì jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé ẹni gidi ni, ohun tó ṣe é gan-an ló ń sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ní 2021 ni àwọn mẹ́ta yìí kan náà dìídì bèèrè ohun tó sọ: bí ìbínú bá ń mú kí òǹkàwé sọ pé rifíù ò wúlò, ṣé ó túmọ̀ sí pé kò ní í yí i lérò padà? Wọ́n rí i pé kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Ìbínú kan náà tó ń dín bí rifíù ṣe wúlò kù lójú òǹkàwé lè mú kí ojú tó fi ń wo ẹni tó ń tajà burú sí i. Òǹkàwé ń sọ lẹ́nu pé “ọ̀rọ̀ wèrè lèyí”, ara rẹ̀ sì ti ń sún sẹ́yìn. Ìbínú ẹlòmíì ń sọ fún wa pé ìyà kan ti jẹ ẹnì kan níbí, a ò sì ní láti gbà pé ẹni náà ronú dáadáa kí ìyẹn tó wọ̀ wá lára.

Èpè inú rifíù jọ èyí lójú tèmi. Kò fún èèyàn ní àlàyé kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka “ẹ ò ní jèrè òwò yín” mọ̀ pé wọn kì í ṣépè báyẹn lórí nǹkan kékeré. Kò ní tẹ “Ó wúlò”. Kò sì ní gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ má fi iye tó tẹ bọ́tìnì díwọ̀n bí rifíù kan ṣe pa yín lára tó. Ohun tí iye yẹn ń sọ kò ju pé rifíù yìí ran òǹkàwé lọ́wọ́ láti mọ ọjà. Ó tún ní àléébù mìíràn: rifíù tó ti pẹ́ lórí ìkànnì, tàbí èyí tí ìkànnì gbé sókè, ojú púpọ̀ ló ń rí i, ó sì di dandan kó kó ìbò “Ó wúlò” jọ. Kí ẹ tó fi méjì wéra, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n. Ìbò mẹ́rìndínlógún ní ọdún kan lè má ju mẹ́rin ní oṣù mẹ́ta lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ṣọ́ọ̀bù tiyín, ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ilà sí i, kí ẹ sì kọ ogún rifíù tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìmọ̀lára tó hàn jù níbẹ̀ (ìbínú, àníyàn, ìbànújẹ́, ìdùnnú, tàbí kò sí rárá). Ẹ kọ bóyá ó sọ ọjọ́, iye tàbí ìwọ̀n kankan. Ẹ kọ bóyá ó sọ ohun tó fa wàhálà náà, ẹ kọ iye ìbò rẹ̀ àti iye oṣù tó ti wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa kà á. Ẹ fún ọmọ yín ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra, torí ẹni tí wọ́n bú kì í rí àníyàn níbi tí ìbínú bá wà. Apá kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe: oníbàárà tuntun mẹ́wàá tó bá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ bi wọ́n pé, “Èwo lẹ kà nínú ohun tí àwọn èèyàn kọ nípa wa kí ẹ tó wá?” Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kò ní yà mí lẹ́nu tí ẹni tó ní “olè” bá jáde lẹ́nu wọn ju ẹni tí ìbò rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún lọ. Àwọn tó kà á tí wọn ò wá rárá, ìyẹn ò sí nínú ìwé kankan.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà lè bá yín ṣe gbogbo èyí. Lédè òyìnbó, ó ń gbìyànjú. Ní ti Yorùbá, ọ̀nà ṣì jìn díẹ̀. Àkójọ NaijaSenti tó jáde ní 2022, tó kó túwíìtì Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Píjìn jọ, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n rere, búburú àti àárín ló fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ sì ti rí i pé inú “búburú” kan ṣoṣo ni ìbínú àti àníyàn jọ wà. Ẹ tún fi àwọn tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kún un, àti àwọn tó ń fi ẹ̀gàn kí wa: “Ẹ kú iṣẹ́ o, aṣọ yín ti dé, ìgbéyàwó ti parí.” Ẹ̀rọ á ní ìkíni ni. Ẹ fi ojú ara yín kà á.

Ìdáhùn fún ẹni tó bínú ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun gan-an kọ́ lẹ ń kọ̀wé sí jù lọ. Ẹni tó máa kà á ní oṣù mẹ́fà sí i lẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìwé yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun: ọjọ́ tí owó wọlé, ọjọ́ tí ẹ gbé òwú fún ahunṣọ, ọjọ́ tí ó kúrò lórí òfì, ọjọ́ tí ẹ gbé e fún dírẹ́bà ní gáréèjì, àti fọ́tò tí ẹ fi hàn án. Ẹ má kọ ọ́ nígbà tí inú bá ṣì ń bí yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ wá fi ohun tí ìbínú bò mọ́lẹ̀ nínú rifíù rẹ̀ sínú ìdáhùn tiyín. Bí àpẹẹrẹ, tó bá jẹ́ òótọ́ pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí:

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ọjọ́ kẹta oṣù la gbowó yín, ọjọ́ kẹtàlélógún laṣọ dé ọwọ́ yín, ìgbéyàwó ku ọ̀la. Ó pẹ́ ju bí a ṣe sọ lọ. Òwú tí a fi hun ti inú fọ́tò ti tán, ìdì mìíràn la fi hun tiyín, àwọ̀ rẹ̀ ò sì bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. A ò sọ fún yín kí a tó hun ún, ẹ̀bi wa nìyẹn. Ní báyìí, a ń ya fọ́tò òwú ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ahunṣọ tó bẹ̀rẹ̀, a sì ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé ní gbogbo ọjọ́ Ajé. A ti kọ̀wé sí yín ní ìkọ̀kọ̀ lórí bí a ṣe fẹ́ ṣe é.”

Ọjọ́ wà níbẹ̀, ìdí wà níbẹ̀, ohun tó yí padà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ka “olè” tán, tó wá ka èyí, á rí i pé ẹni tó pẹ́ ni yín, ẹ kì í ṣe ẹni tó jalè. Ẹ ò sì pè é ní onírọ́. “Ẹ má bínú, ẹ pè wá sórí nọ́ńbà yìí” tí àwọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ gbogbo rifíù ò yàtọ̀ sí “ẹ ṣé gan-an”. Ọ̀rọ̀ òfìfo bá ọ̀rọ̀ òfìfo ni. Ẹ má búra, ẹ má fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ẹ má sọ pé àwọn oníbàárà yòókù ò ráhùn. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ nọ́ńbà rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ tàbí iye tó san ní gbangba. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Tí ẹ bá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ lè bi í bóyá ó fẹ́ fi nǹkan kún ohun tó kọ. Ẹ má fi owó tàbí ẹ̀dínwó bẹ̀ ẹ́.

Ẹni kejì, tó ṣàníyàn, ń fẹ́ ìdáhùn tó kúrú ju ìyẹn lọ. Ẹ dúpẹ́, ẹ gbà pé àìsọ ibi tí iṣẹ́ dé ló kó ìpayà bá a, kí ẹ sì sọ pé ìmọ̀ràn tó fún àwọn èèyàn nípa òwú ni ẹ ti ń tẹ̀ lé báyìí. Ó fẹ́ràn yín ju bí ìràwọ̀ méjì ṣe fi hàn lọ, ẹ má ṣe bí ẹni pé ọ̀tá ni.

Ó ku bí ẹ ṣe máa rí rifíù tó wúlò gbà lọ́wọ́ àwọn tí inú wọn dùn. Tí ẹ bá ní “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ rifíù”, “ẹ ṣé gan-an” ni wọ́n máa kọ. Ẹ béèrè ìbéèrè. Ẹ dúró di ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn ìnáwó, nígbà tí ariwo ti lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì gbàgbé, kí ẹ wá bi wọ́n ní ohun mẹ́ta péré: Kí ni ẹ̀ ń bẹ̀rù kí ẹ tó sanwó? Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn? Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé, “Mo ń bẹ̀rù pé á ṣí nígbà tí omi bá kàn án, òjò pa wá ní Ọ̀fà lọ́jọ́ náà, kò ṣí,” ti sọ ohun tí ìràwọ̀ márùn-ún lásán ò lè sọ, ó sì bá ẹni tó ń rà sọ̀rọ̀ níbi tí ẹ̀rù tirẹ̀ wà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ tó bá kọ ọ́ ní Yorùbá tó lú mọ́ òyìnbó bí a ṣe ń sọ ọ́. Ìwádìí kan tí Stephan Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2013 lórí rifíù ìwé ní Amazon fi hàn pé rifíù tó bá jọ bí àwùjọ òǹkàwé ṣe ń sọ̀rọ̀ máa ń mú kí àwọn tó rà pọ̀ sí i. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí i pé bí ìyìn bá ṣe ń pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ àti ìbínú kì í dín kù bẹ́ẹ̀. Ìyìn ogún, tí gbogbo wọn dà bí ọ̀kan, kò ní bá yín borí “olè” kan.

Ẹ bi gbogbo oníbàárà ní ìbéèrè kan náà, àti ẹni tí inú rẹ̀ dùn àti ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn. Google, fún àpẹẹrẹ, ò gbà kí oníṣòwò máa ṣa ẹni tó máa yìn ín nìkan láti kọ rifíù, kò sì gbà kí wọ́n sanwó fún rifíù. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó de rifíù irọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2024. Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin ààbò oníbàárà ti 2018 ò fàyè gba kí a fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ta ọjà, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ tí ẹ bẹ ẹlòmíì kó bá yín kọ yọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ìmọ̀ràn tí ẹni tó ṣàníyàn yẹn fún àwọn èèyàn, torí iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín nìyẹn. Fọ́tò tó kó yín sí wàhálà, ó jọ pé abẹ́ iná gílóòbù pupa inú ṣọ́ọ̀bù lẹ ti yà á. Irú iná bẹ́ẹ̀ máa ń fi pupa àti ìyeyè kún àwọ̀, fóònù á sì tún fi tirẹ̀ kún un nígbà tó bá ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Ẹ gbé òwú àti aṣọ tí wọ́n ti hun síta ní aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, lábẹ́ òjìji, kí oòrùn má kàn án tààrà, pàápàá tó bá ní òwú tó ń dán. Ẹ fi bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń wò ó lè fi mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí. Ẹ pa fílítà. Ẹ ya fọ́tò òwú lọ́tọ̀, ẹ ya ti aṣọ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́tò pé ìdì òwú mìíràn lè fi díẹ̀ yàtọ̀. Tí fọ́tò tuntun bá ti gorí ìkànnì, ẹ padà sí ìdáhùn tí ẹ fún àwọn méjèèjì, kí ẹ fi ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kún un, kí ẹni tó bá ka ẹ̀sùn náà lọ́dún tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé fọ́tò tó ń wò kọ́ ni wọ́n ń bá wí.